Ọmọ Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Bẹ̀rẹ̀ Ẹ̀kọ́

Kò sí ẹni tó lè ta sípì tí kò dáa fún Àrìnkẹ́. Láti ìgbà tó ti ń ta òwú, bọ́tìnnì àti sípì fún àwọn aránṣọ ní ọjà Aswánì ní Ìsọlọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń fa sípì kọ̀ọ̀kan kó tó gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wá. Ó ní èyí tó bá lọ lẹ́ẹ̀kan lè jẹ́ oríire, èyí tó bá lọ lẹ́ẹ̀mejì lè jẹ́ pé ó ń tan ènìyàn ni, ẹ̀ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń jáde. Bó ṣe ń ṣe sí sípì náà ló ń ṣe sí ọmọ aráyé. Bí o bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á kọ́kọ́ yọjú wo ìta bóyá ilẹ̀ ti mọ́ lóòótọ́. Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ìfura loògùn àgbà, oògùn tí Àrìnkẹ́ sì gbà gbọ́ jù lọ nìyẹn.

Nígbà tí Salimat, ìyàwó Rùfáì ọmọ rẹ̀, bí ọmọkùnrin sí ọsibítù kan ní Ìsọlọ̀, Àrìnkẹ́ ló dúró tì í. Rùfáì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, níbi tó ti ń kó ẹrù sínú bàálù, nítorí náà ìyá àgbà ló gba ọmọ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ó yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ka ìka rẹ̀, ó fọwọ́ pa etí rẹ̀ méjèèjì, ó gbọ́ igbe rẹ̀. Igbe náà ki dáadáa, ó sì dùn mọ́ ọn nínú. "Àlejò, o káàbọ̀," ló wí fún un, nítorí ọmọ tí wọn kò tíì sọ lórúkọ, àlejò ni. Ayọ̀ kún inú rẹ̀ bámúbámú, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó dé ojú, torí ènìyàn kì í mọ ẹni tó ń wo òun.

Ọjọ́ kejì ni ìfura bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Kẹ́milọ́lá, ọmọbìnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn, wá fi nǹkan kékeré kan tó ń tan iná pupa há ọmọ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó wo nọ́ńbà tó yọ lójú ẹ̀rọ, ó mi orí. Ó yọ ọ́ níbẹ̀, ó fi há a lẹ́sẹ̀. Ó tún wo nọ́ńbà, ẹ̀rín bá kúrò lójú rẹ̀. Ó dá a padà sí ọwọ́, ó tún gbé e wá sí ẹsẹ̀, ó sì dúró bí ẹni tó ń dúró de èsì.

"Kí ló dé?" Àrìnkẹ́ bi í.

"Kò sí nǹkan kan, mọ́mì. A kàn ń yẹ̀ ẹ́ wò ni."

Àrìnkẹ́ mọ "kò sí nǹkan kan" dáadáa. Ohun tí àwọn tó ń kó sípì ayédèrú wá máa ń sọ nìyẹn, pẹ̀lú ojú tútù. Bí kò bá sí nǹkan kan lóòótọ́, kí ni ènìyàn ń wá lẹ́sẹ̀ ọmọ?

Kò pẹ́ tí dókítà fúnra rẹ̀ fi dé, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Dókítà Ọláyanjú. Ó gbé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé ọmọ láyà, ó di ojú. Lẹ́yìn náà ó fi ìka méjì tẹ ibi tí itan ọmọ ti pàdé ikùn rẹ̀, lápá ọ̀tún, lápá òsì, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ lójú Àrìnkẹ́. Ó bá nọ́ọ̀sì sọ òyìnbó wúyẹ́wúyẹ́. Ó wá kọjú sí Salimat.

"Ìyá ìkókó, a ò ní lè jẹ́ kí ẹ máa lọ sílé báyìí. Ó ku nǹkan kan tí mo fẹ́ wò lára ẹ̀ lọ́la."

"Kí ni nǹkan náà?" Àrìnkẹ́ ló dáhùn, kì í ṣe Salimat.

"Tí mo bá ti rí i, mà, màá sọ fún yín. Mi ò fẹ́ fi ohun tí mi ò tíì rí dẹ́rù bà yín."

Salimat ní ẹ ṣé, mà. Ọmọ dáadáa ni Salimat, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti tútù jù. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé Rùfáì ní Mafolúkù, kò tíì dá ìyá ọkọ rẹ̀ lóhùn rí láìfi orúnkún kan ilẹ̀, àní lórí fóònù pàápàá, a máa kúnlẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá ní kí ó fi ọmọ tọrẹ, á ní ẹ ṣé, mà. Èrò Àrìnkẹ́ nìyẹn, kì í ṣe tèmi.

Ní ìrọ̀lẹ́, Àrìnkẹ́ lọ wá omi gbígbóná fún ìyá ọmọ. Bó ṣe ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló gbọ́ ohùn Kẹ́milọ́lá lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"Ọmọ Salimat ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láàárọ̀ ọ̀la. Bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ tó kan àwọn tó kù. Àwọn stúdẹ́ǹtì náà á ti dé nígbà yẹn."

Àrìnkẹ́ dúró gbagidi. Fúláàsì omi gbígbóná wà lọ́wọ́ rẹ̀, òtútù sì ń mú un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Kí Àrìnkẹ́ tó bí Rùfáì, ó ti bí ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àbdùlgàfár. Ọmọ náà kò tíì pé oṣù kan tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù ńlá kan tí mi ò ní dárúkọ. Àwọn ọ̀dọ́ aláṣọ funfun yí i ká bí ẹni ń wo ìran. Èyí gbé ọwọ́ lé e láyà, ó sọ òyìnbó. Òmíràn gbé ọwọ́ lé e, òun náà sọ òyìnbó tirẹ̀. Ọ̀gá wọn ń bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n ń dáhùn, àwọn kan tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó yíjú sí ìyá tó dúró lẹ́bàá ògiri. Nígbà tó fi ìgboyà béèrè lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, onítọ̀hún ní, "Ẹ̀kọ́ la fi í ń kọ́, mà." Ọmọ náà kò rí ọjọ́ kejì. Títí di òní, kò sẹ́ni tó sọ orúkọ ohun tó pa á fún Àrìnkẹ́.

Nítorí náà, nígbà tó gbọ́ "ẹ̀kọ́", tó tún gbọ́ "stúdẹ́ǹtì", ọ̀rọ̀ ti parí lójú tirẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta la máa ń fa sípì. Ó dúró de Kẹ́milọ́lá lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ̀kọ́ wo lẹ fẹ́ fi ọmọ mi ṣe?"

"Ẹ̀yin mọ́mì yìí náà," ni Kẹ́milọ́lá wí, ẹ̀rín rẹ̀ ti padà dé. "Kì í dun ọmọ rárá. Wọ́n kàn máa fi wo ọkàn ẹ̀ ni."

"Ọkàn rẹ̀?"

"Ẹ̀n. Gbogbo bí ọkàn ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ló máa hàn lójú tẹlifíṣọ̀n. Tí ẹ bá fẹ́, ẹ̀yin náà lè wò ó."

Àrìnkẹ́ kò tún béèrè nǹkan mìíràn. Ta ló ń rí ọkàn ènìyàn bí kò ṣe Ọlọ́run? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwa Yorùbá fi ń pe ẹran tó ń lù láyà àti ibi tí ènìyàn ń kó èrò rẹ̀ sí. Ẹran ni nọ́ọ̀sì ń sọ, ìyá àgbà sì ń gbọ́ èkejì. Ọmọ tí wọn kò tíì sọ lórúkọ, tí kò tíì ro ibi ro ire, ni wọ́n fẹ́ tú ọkàn rẹ̀ sójú tẹlifíṣọ̀n fún àwọn ọmọ iléèwé láti fi kẹ́kọ̀ọ́.

Ó pe Rùfáì. Ariwo bàálù kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn dáadáa.

"Ṣé wọ́n ní ara ẹ̀ ò yá ni?" Rùfáì béèrè.

"Wọn ò rí àìsàn kankan dárúkọ. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n fẹ́ fi í kọ́."

"Màámi, ohun tó bá ti tọ́ lójú yín ni kí ẹ ṣe."

Bí Rùfáì ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bí ẹrù bá wúwo ní pápákọ̀, á fi èjìká gbé e. Bí ọ̀rọ̀ bá wúwo nílé, ìyá rẹ̀ ni á gbé e fún.

Ilẹ̀ mọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì fúnra wọn ló ti ní oòrùn àárọ̀ dára fún ọmọ tuntun, àwáwí náà sì bọ́ sí Àrìnkẹ́ lọ́wọ́. Ó rọra gbé ọmọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ lórí ibùsùn. Oorun ṣì wà lójú Salimat.

"Mo fẹ́ gbé e sí oòrùn díẹ̀."

"Ẹ ṣé, mà," ni Salimat wí, ó sì tún sùn lọ.

"Ẹ ṣé" yẹn gún Àrìnkẹ́ díẹ̀ láyà, ṣùgbọ́n kò dá a dúró. Ó fi ìborùn rẹ̀ bo ọmọ, ó kí ẹ̀ṣọ́ tó wà ní géètì, ó bọ́ sójú títì. Nínú ara rẹ̀ ló ń wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló sì fi gbé orí náà ró títí ó fi dé Mafolúkù.

Nílé, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Bàálù ń kọjá lórí òrùlé bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́, àwọn ará ilé kí i kú oríire, ó sì gbé omi kaná láti wẹ ọmọ bó ṣe yẹ kí wọ́n wẹ̀ ẹ́, kì í ṣe bí àwọn ará ọsibítù ṣe ń fi aṣọ nu ọmọ bí ẹni ń nu tábìlì. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ ọmọ sí i, ó mú ọṣẹ dúdú àti kànìnkàn. Ó da omi sí i lórí.

Ọmọ kò ké.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti wẹ ọmọ tuntun rí mọ̀ pé igbe ni ìwẹ̀ máa ń bá rìn. Ọmọ á ké bí ẹni tí wọ́n jà lólè, gbogbo àdúgbò á mọ̀ pé wọ́n ń wẹ ọmọ. Èyí kàn la ojú díẹ̀, ó tún un dì. Ìmí rẹ̀ ń sáré. Àrìnkẹ́ fi kànìnkàn pa á láyà, ó pa á lápá, ara rẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́. Ó pa á dé ẹsẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ bá dúró. Ẹsẹ̀ méjèèjì tutù. Ó bu omi gbígbóná sí i, ó fọwọ́ ra á, ó fi òrí pa á. Ó tutù síbẹ̀, bíi pé ọmọ ẹlòmíràn ló ni ẹsẹ̀.

Ní àsìkò yìí ni Àrìnkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ara rẹ̀. Ó rántí ibi tí dókítà ti fi ìka tẹ ọmọ. Ó fi ìka tirẹ̀ kan ìgúnpá ọmọ nínú, ó gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù níbẹ̀, kíkankíkan. Ó gbé ìka wá síbi tí itan ti pàdé ikùn. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó padà sí ìgúnpá, ẹ̀jẹ̀ ń lù. Ó padà sí itan, ibẹ̀ dákẹ́. Nígbà tó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, tí ibẹ̀ ṣì dákẹ́, ọ̀rọ̀ jáde.

Ìbọ̀sẹ̀ ló wọ̀ fún Àbdùlgàfár nígbà ayé ọjọ́un. Ó rò pé òtútù ló ń mú un lẹ́sẹ̀, ó wọ̀ ọ́ fún un, ó tún wọ òmíràn lé e, ìbọ̀sẹ̀ náà ló sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí ó fi kú. Kò rántí rẹ̀ láti gbogbo ọdún yìí wá àfi ní ìṣẹ́jú yìí. Àrìnkẹ́ nu ọmọ, ó na ọwọ́ sí ìborùn.

Fóònù dún. Salimat ni.

"Níbo lo gbé ọmọ mi lọ?"

Kò ní ẹ. Kò ní mà. "Lo gbé" ló wí, bí ẹni ń bá ọmọ kékeré wí, bí ẹni ń bá olè sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń gbé, Àrìnkẹ́ kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu rẹ̀, ó sì yà á lẹ́nu pé kò bí òun nínú. Ó mọ̀ pé òun lòun fa ẹ náà yọ lẹ́nu Salimat.

"Mò ń gbé e bọ̀," ló wí. "Sọ fún dókítà pé ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù. Sọ fún un pé mi ò gbọ́ ẹ̀jẹ̀ nítan rẹ̀."

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló wọ̀. Wọ́n gba Òṣòdì kọjá, wọ́n bọ́ sọ́nà Ìsọlọ̀, gbogbo nǹkan ló sì ń fura sí: ó fura sí awakọ̀ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ń rọra wà, ó fura sí àwọn mọ́tò tó wà níwájú, ó fura sí ìborùn tó fi bo ọmọ pé ó ń dí i ní imú. Ó ṣí ìborùn. Ètè ọmọ ti ń dà bí eérú. Gbogbo ọ̀nà ló fi etí sí ìmí rẹ̀, bí ọ̀kan bá ti wọlé, á máa dúró de òmíràn.

Dókítà Ọláyanjú wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Àrìnkẹ́ ti múra èébú sílẹ̀ fún ara rẹ̀, ó ti mọ ohun tó máa fi dáhùn, ṣùgbọ́n dókítà kò bú u. Ó gba ọmọ, ó tẹ itan rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ méjì péré fún Kẹ́milọ́lá, wọ́n sì wọ yàrá kékeré kan lọ, níbi tí Salimat jókòó sí tó ń dúró. Wọ́n fi ọ́síjìn sí ọmọ nímú. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan pa iná.

"Kí ló dé tí ẹ fi pa iná?" Àrìnkẹ́ béèrè. "Mi ò ní jáde o."

"Mi ò ní kí ẹ jáde, mà. Òkùnkùn ló ń jẹ́ kí àwòrán ẹ̀rọ mọ́ lójú. Ẹ wá di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú fún mi, kó má máa ta."

Àrìnkẹ́ di ẹsẹ̀ tútù náà mú. Dókítà fi òróró kan tó ń yọ̀ pa orí irinṣẹ́ kékeré kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un títí ó fi lọ́wọ́ọ́wọ́, ó gbé e lé ọmọ láyà.

"Ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ fi í ṣe nìyí?" ni Àrìnkẹ́ wí.

Dókítà wò ó. "Ẹ̀kọ́ kẹ̀?"

"Nọ́ọ̀sì yín ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́."

Kẹ́milọ́lá gbé ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ́kò, mọ́mì," ló wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ẹ́kò ni mo sọ."

"Òyìnbó ni, mà," dókítà wí, kò sì gbé ọwọ́ kúrò láyà ọmọ. "Gbohùngbohùn ló túmọ̀ sí. Tí ẹ bá wọ yàrá òfìfo, tí ẹ sọ̀rọ̀, ṣé ẹ mọ̀ pé ohùn yín á padà wá bá yín? Ohùn ni nǹkan ọwọ́ mi yìí ń rán wọ àyà ẹ̀, etí wa ló kàn kéré láti gbọ́ ọ. Tó bá ti kan ọkàn, á padà. Bó ṣe padà ni ẹ̀rọ fi ń ya àwòrán tí ẹ ń wò yìí."

Ohùn ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ilẹ̀kùn ọjọ́ náà sì sọ o di ọ. Ọ̀kan tó yẹ kó wà lókè bọ́ sísàlẹ̀, èyí tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ gòkè, ọmọ sì dèrò Mafolúkù. Èmi ò bá Àrìnkẹ́ wí. Àwa tí à ń fi ohùn nìkan ya ọkọ sọ́tọ̀ lára ọkọ́ àti ọkọ̀, báwo la ṣe máa dá òyìnbó mọ̀ nígbà tó bá gbé aṣọ wa wọ̀?

Lójú ẹ̀rọ, nǹkan dúdú kan ń ṣí, ó ń pa dé, bí ẹnu ẹja nínú omi. Dókítà dá a dúró gbọnin, ó fa ilà kan láti etí kan dé èkejì, ó wo nọ́ńbà. Ó tú u sílẹ̀, ẹnu ẹja náà tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún dá a dúró, ó tún fa ilà.

Ìfura sọ lójú Àrìnkẹ́. "Ẹ ti ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan. Ṣé ẹ ò rí i dáadáa ni?"

"Mo rí i, mà. Mi ò kàn gba ojú mi gbọ́ ni. Mò ń wo bó ṣe tóbi tó nígbà tó bá ṣí àti bó ṣe kéré tó nígbà tó bá fún ẹ̀jẹ̀ jáde, ibẹ̀ ni màá ti mọ agbára tó kù fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń wọ̀n ọ́n. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bá fẹnu kò, màá tún bẹ̀rẹ̀ ni."

Láti ìgbà tí Àrìnkẹ́ ti ń ra ọjà, tó ń tà á, kò tíì pàdé ẹlòmíràn tó ń fa sípì lẹ́ẹ̀mẹta. Ó tẹ ara rẹ̀ síwájú díẹ̀ kí ó lè rí àwòrán náà. Ó sì dúró de ẹ̀ẹ̀kẹta pẹ̀lú dókítà.

"Wọ́n fẹnu kò," dókítà wí. Ó kọjú sí Salimat, ó wá kọjú sí ìyá àgbà. "Ọ̀nà ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ara ẹ̀ ló fún pọ̀ níbì kan, bíi rọ́bà tí wọ́n so okùn mọ́ láàárín. Ọ̀nà kékeré kan wà tó ń lò nínú ìyá ẹ̀, ìyẹn ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá látàná. Ó ti ń pa dé báyìí, ìdí tí ẹsẹ̀ fi tutù nìyẹn. Ọkàn ẹ̀ ń tiraka, ó sì ti ń rẹ̀ ẹ́, àmọ́ kò tíì rẹ̀ ẹ́ tán. Oògùn kan wà tó máa ṣí ọ̀nà kékeré yẹn padà. Tó bá ti ṣí, a máa gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti fi iṣẹ́ abẹ tú okùn náà."

"Ká ní mo gbé e pa mọ́ nílé di ìrọ̀lẹ́ ńkọ́?" Àrìnkẹ́ béèrè.

Dókítà nu òróró náà kúrò láyà ọmọ. "Ẹ dúpẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹ̀," ló wí.

Ìyẹn náà ni èsì. Àrìnkẹ́ gbọ́ ọ, Salimat gbọ́ ọ, kò sì sí ẹni tó wo ojú ẹnìkejì. Kẹ́milọ́lá ti wá iṣan lápá ọmọ, ó fi oògùn sínú omi dírípù, wọ́n sì ń dúró.

Nígbà tí wọ́n tan iná ni Àrìnkẹ́ rí àwọn tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Aláṣọ funfun ni wọ́n, ọ̀dọ́, wọ́n to ara wọn mọ́ ògiri bí ẹni tó jẹ̀bi. Ara rẹ̀ le.

"Àwọn wo nìyẹn?"

"Stúdẹ́ǹtì ni wọ́n," dókítà wí. "Wọ́n wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ọkàn ọmọ tuntun. Mo ní kí wọ́n dúró síta torí mi ò tíì gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀yin ẹbí."

Ṣé ẹ rí i? Àrìnkẹ́ kò kúkú ṣì í gbọ́ pátápátá. Ẹ́kò wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ náà wà níbẹ̀. Ó wo àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń wo ọjà. Salimat gbé ojú sókè, òun náà ń wo ohun tí ìyá ọkọ rẹ̀ máa wí.

"Ọmọ Salimat ni, òun ló ni àṣẹ," Àrìnkẹ́ wí. "Bó bá jẹ́ èmi ni, màá ní kí wọ́n wọlé. Àmọ́ ẹni tó bá fọwọ́ kàn án gbọ́dọ̀ sọ ohun tó rí fún wa, ní èdè tí a gbọ́."

Salimat mi orí pé kí wọ́n wọlé.

Wọ́n wọlé. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Nafeesah ló kọ́kọ́ gbé irinṣẹ́ náà. Ó wá àwòrán náà títí, ó rí i, ó fa ilà, ó tún un fà. Ó wá ṣí ẹnu láti sọ òyìnbó, ó rántí, ó yíjú sí ìyá àgbà. Ó sọ ọ́ bí ọmọ tó ń ka kéú: ibi tó fún rèé, mà, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà rèé, ìdí tí ẹsẹ̀ fi tutù rèé.

"Tún un sọ," Àrìnkẹ́ wí.

Ó tún un sọ. Àrìnkẹ́ ní kí ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì tún un sọ, ohùn rẹ̀ wá dúró ṣinṣin. Àrìnkẹ́ wá bi í ní ohun tó ti ń gbé kiri láti ìgbà èwe rẹ̀.

"Ọmọ kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù báyìí, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ báyìí. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un. Ṣé ohun tó ṣe é nìyí?"

Nafeesah wo dókítà. Dókítà wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kí ojú òun àti ti ìyá lè dọ́gba.

"Ó lè jẹ́ òun, mà. Mi ò rí i, mi ò lè búra. Àmọ́ ó lè jẹ́ òun. Kí ni orúkọ ẹ̀?"

Wọn kò bi í ní ìbéèrè yìí nígbà náà. "Àbdùlgàfár," ló wí, ẹkún bá gbà á lẹ́nu. Ó sunkún níbẹ̀, lójú gbogbo wọn, obìnrin tí kì í jẹ́ kí ayọ̀ rẹ̀ pàápàá dé ojú. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ ọmọ ní gbogbo ìgbà náà, nítorí pé kò sẹ́ni tó ní kó fi í sílẹ̀.

Ọwọ́ náà ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó dákẹ́ ẹkún. Ó fọwọ́ ra ẹsẹ̀ náà, ó gbé ọwọ́ kúrò, ó tún fi kàn án, ó tún gbé e kúrò, ó tún fi kàn án. Ó ń lọ́wọ́ọ́wọ́. Ọmọ fa ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ya ẹnu, ó sì ké, igbe tó ki, igbe ọjọ́ tó dé ayé.

"Ẹ jókòó, Màámi," Salimat wí.

Àrìnkẹ́ gbọ́ ẹ náà. Ó wo ojú Salimat dáadáa, bóyá ó ti ẹnu rẹ̀ wá lóòótọ́, ó sì dúró bóyá á tún un sọ.

"Ẹ jókòó, mà. Ẹ ti pẹ́ lórí ìdúró."

Ó jókòó.